ẸJA YÍN PÀWỌ̀ DÀ: ṢÉ ÀRÙN NI?

Bí ẹ bá dé ìdí adágún láàárọ̀, tí ẹ rí i pé ẹja àrọ̀ tàbí ẹ̀pìyà yín ti pàwọ̀ dà, ẹ má tíì sáré lọ ra oògùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á.

Ohun tó ń fún ẹja láwọ̀

Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di ara ẹranko. Nínú awọ ẹja, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ àwọ̀ ni tiwọn. Àwọn kan ní hóró dúdú nínú, àwọn kan ní pupa tàbí yẹ́lò, àwọn mìíràn ń dán bíi fàdákà.

Ẹ mú àtẹ funfun kan. Bí ẹ bá kó èédú lílọ̀ jọ sí àárín rẹ̀, àtẹ ṣì funfun. Bí ẹ bá tẹ́ èédú yẹn káàkiri, àtẹ á di dúdú, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi kún un. Bí sẹ́ẹ̀lì dúdú ẹja ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí hóró inú rẹ̀ bá tàn káàkiri, ẹja á dúdú. Bí wọ́n bá kó jọ sáàárín, àwọ̀ á ṣá. Ọpọlọ ẹja ló ń pàṣẹ fún wọn.

Ìgbà tí kò séwu

Ẹja máa ń fi àwọ̀ jọ ibi tó ń gbé, kí ọ̀tá má baà tètè rí i. Nínú kọnkéré funfun, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Nínú adágún tó ṣókùnkùn, á dúdú. Èyí tó sì funfun látìgbà ọmọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n, àfín ni.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ fura

Bí ọ̀pọ̀ ẹja bá dúdú lójijì, tí wọn ò jẹun, tí wọ́n ń yọjú gba afẹ́fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara ń ni wọ́n. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ dá oúnjẹ dúró.
2. Ẹ dà lára omi náà nù, kí ẹ fi omi tó mọ́ rọ́pò.
3. Bí wọ́n bá há jù, ẹ dín wọn kù.
4. Bí wọ́n bá ń kú, ẹ pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀pìyà kan ṣoṣo ló dúdú, ó lè jẹ́ pé àwọn yòókù ló ń lù ú.

Oògùn tá a lò láìmọ̀dí, owó ló ń jẹ. Ẹ máa wo àwọ̀ ẹja yín dáadáa o.