Ẹ̀rọ Omi Tí Ará Abúlé Lè Tún Ṣe

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ fún aráàlú wí.

Ní ọdún 1981, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí dán oríṣiríṣi ẹ̀rọ omi ọlọ́wọ́ wò ní ilẹ̀ púpọ̀. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ìlú a máa dúró de mẹkáníìkì láti ọ̀nà jíjìn, àwọn obìnrin a sì padà sí odò. Ní Màláwì àti ní Kwale ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, a kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ní Kwale, àwọn tí ó mọ bí a ti ń kó ará abúlé jọ dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn obìnrin sì kọ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ. Láti inú ìdánwò wọ̀nyí ni ẹ̀rọ Afridev ti jáde: sípánà kan ṣoṣo ni a fi ń tú u, a sì lè fa ohun inú rẹ̀ sókè láìyọ páìpù.

Bí àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún bá fẹ́ ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ti omi, ìbáà ṣe ti epo pupa, kí wọ́n pe alágbẹ̀dẹ, wolé-wolé, akápò, àti àwọn obìnrin tí yóò lò ó jókòó pọ̀. Ìbéèrè nìkan kò tó, nítorí ohun tí ó ti mọ́ ọwọ́ ẹni lára kì í sábà wá sí ẹnu. Kí wọ́n wo obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n fi igi ṣe àpẹẹrẹ fún un láti dì mú. Ibi tí ó bá ti ni í lára ni kí wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó náwó lé irin.