Ta Ló Kọ́ Wọn Pé Abẹ́rẹ́ Ni Ìwòsàn?

ÌBÉÈRÈ

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Òṣogbo, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nígbà mìíràn wọ́n á pa mí lẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn ẹkún ló máa ń gbọ̀n mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan gbé ibà wá. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, dókítà kọ oògùn lílò fún wọn. Bàbá yí páálí oògùn náà sókè sódò, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé torí èyí ni mo ṣe wọkọ̀ láti Ìkìrun? Abẹ́rẹ́ dà?" Ìyá àgbàlagbà tó tẹ̀ lé wọn ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Kí n ṣáà fa omi sí òun lára, ìgò méjì péré, nítorí òun ń lọ síbi òkú àna òun ní Sátidé, ijó sì pọ̀ níbẹ̀. Mo fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún àyẹ̀wò, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ lọ tà á fún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ kan tí kò lè mí dáadáa. A fẹ́ fi ọ́síjìn sí i nímú, ìyá àgbà rẹ̀ figbe ta, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ti fi nǹkan yẹn sí nímú kì í padà wálé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko la fi bẹ̀ wọ́n.

Bí mo bá ń ṣàlàyé, wọ́n á ní ẹnu mi pọ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mo ń gbéra ga. Màmá, báwo ni kí n ti ṣe é?

Nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Ìyá tó fẹ́ gba omi torí ijó pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ojú tì mí, torí mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ọdún 1984 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Nígbà náà, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbóná kò tíì jókòó dáadáa tí a ó fi ti fa abẹ́rẹ́ kúlórókúìnì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rárá. Ara á máa yún wọn tòru-tòru, wọ́n á sì máa yọ̀ pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní ara òun kò le, a ó so ìgò omi kọ́ fún un. Ó ń sanwó, ó ń dúpẹ́, àwa náà ń gba ọpẹ́. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá. Bàbá ará Ìkìrun yẹn, ẹ̀kọ́ tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kọ́ wọn nígbà èwe wọn ni wọ́n ṣì dì mú.

Lẹ́yìn náà ni kúlórókúìnì kò ran ibà mọ́. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà yí ìlànà padà sí àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Abẹ́rẹ́ artesunate wà fún ẹni tí ibà ti dá wó: ẹni tí gìrì ń gbé, ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹni tí kò lè gbé oògùn mì. A yí oògùn padà, ṣùgbọ́n a kò padà lọ bá àwọn èèyàn láti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Òun ni gbèsè tí ìwọ ń bá wa san báyìí.

Nítorí náà, bí bàbá bá tún béèrè abẹ́rẹ́, sọ fún wọn pé: "Bàbá, ẹni tí ibà ti gbé ṣánlẹ̀ la ń gún. Ẹ̀yin ṣì lókun láti bá mi jiyàn, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́." Kí o sì fi kún un pé abẹ́rẹ́ ìdí tó bá ṣìnà lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Mo rí ọmọ kan tó wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó gbà. N kò gbàgbé ojú ìyá rẹ̀ títí dòní.

Fún ìyá oníjó, ṣí ìgò omi náà payá fún wọn. Ìgò 500 ml ti omi oníṣúgà 5%, ṣúgà inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 25 lọ, bíi ṣúgà onígun márùn-ún tàbí mẹ́fà. Omi oníyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ inú rẹ̀ kò kún ṣíbí kékeré kan. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú oorun àsùntẹ́rùn yóò gbé wọn dé ojú agbo ju ìgò méjì lọ. Bí ọkàn tàbí kíndìnrín wọn kò bá sì lágbára tó, omi àpọ̀jù lè dé inú ẹ̀dọ̀fóró, kí mímí di ìṣòro.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún, mílílítà márùn-ún tí o fà kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Gbé ìgò kékeré náà sí i lójú, jẹ́ kó ka orúkọ ara rẹ̀ lára rẹ̀, sọ ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Ti ìyá àgbà ni kí o fi sùúrù gbọ́ jù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Àwọn tí wọ́n rí tí ọ́síjìn wà nímú wọn, ẹni tí wọ́n gbé dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ ló pọ̀ jù. Fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ níka, kí o sì sọ pé: "Màmá, ẹ wo nọ́ńbà yìí. Tó bá ti wà lábẹ́ 90, atẹ́gùn kò tó ọmọ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi í sí i, ká jọ máa wò ó." Bí wọ́n bá rí i tó ń gòkè lójú ara wọn, àwọn fúnra wọn ni yóò máa ṣàlàyé fún ẹlòmíràn ní wọ́ọ̀dù.

Wàá ní, "Màmá, èmi nìkan ló wà lórí iṣẹ́ lálẹ́, níbo ni n ó ti rí àkókò?" Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ló kọ̀wé pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ fi bẹ ìyá àgbà. Ìṣẹ́jú kan péré ni àlàyé yìí, kó tó di ẹ̀bẹ̀. N kò sì ní kí o máa gba ìwọ̀sí. Ẹni tó bá bú ọ tàbí tó gbọ́wọ́ sókè sí ọ, pe ẹ̀ṣọ́, kí o sì fi tó ọ̀gá rẹ létí.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ bá mi gbé díẹ̀ nínú ẹrù ọmọ yìí. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé: Kí ló ń ṣe mí? Báwo ni mo ṣe máa lo oògùn yìí? Kí ni n ó rí tí n ó fi sáré padà wá? Inú nọ́ọ̀sì máa ń dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, bí bàbá ará Ìkìrun bá tún yọjú, fún wọn ní àga kí wọ́n jókòó, kí o tó gbé oògùn lé wọn lọ́wọ́. Àlàyé tí mo jẹ wọ́n láti 1984, bá mi san án.