Kí Ni O Fẹ́ So Mọ́ Katakata Yẹn?

Ọkọ mi, mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Mo ní kí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí n lè rí i dáadáa. Katakata pupa kékeré, ó dára lójú, mi ò ní purọ́. Ìwé tí o fi tẹ̀lé e ló bí mi nínú. Oríṣi irinṣẹ́ mẹ́sàn-án ni ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ kó jọ, ìwọ náà sì dá a lóhùn pé gbogbo ẹ̀ lo máa rà. Gbogbo ẹ̀! Ta ló ń lé ọ? Owó tí o fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ fún, o fẹ́ kó o fún oníṣòwò lọ́jọ́ kan nítorí pé ó fi ọ̀dà tuntun kun irin?

Jókòó, kí n bá ọ sọ̀rọ̀. O mọ iṣẹ́ tí èmi àǹtí rẹ ṣe jẹun. Oko dé oko ni mò ń rìn, tí mò ń kọ́ àgbẹ̀, láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Mo ti rí katakata tó ṣiṣẹ́ títí tó fi tọ́ ọmọ olówó ẹ̀ dé yunifásítì, mo sì ti rí èyí tó jẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò ló ti dípẹtà, tí ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ ẹ̀. Kì í sábà jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń pa wọ́n. Irinṣẹ́ ẹ̀yìn wọn ni kò bá ilẹ̀ mu, tàbí kí bóòtù kan já kí wọ́n má rí irú ẹ̀ rà, tàbí kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò.

Kí o tó bi oníṣòwò léèrè ohunkóhun, ilẹ̀ bàbá rẹ ni kí o kọ́kọ́ bi. Ilẹ̀ Ìjan kì í ṣe ilẹ̀ Òkè Ọya tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkúta ló wà lábẹ́ Èkìtì wa yìí. Àpáta Olósùnta tí o máa ń rí ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ oko gbogbo wa. Yangí wà níbẹ̀, kùkùté wà níbẹ̀, gbòǹgbò igi tí wọ́n ti gé kí wọ́n tó bí ọ ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ohun ìtúlẹ̀ aláwo ni kí o mú, èyí tó ní àwo irin rìbìtì-rìbìtì. Má dé ìdí èyí tó ní abẹ tó ń gún ilẹ̀ wọ inú. Bí àwo bá kan gbòǹgbò tàbí òkúta, á yí gun orí ẹ̀ kọjá. Abẹ á há síbẹ̀, nǹkan á sì ya. Aláwo méjì sì ni, kì í ṣe aláwo mẹ́ta tó wà nínú ìwé ẹ yẹn. Katakata tí agbára rẹ̀ kò ju ẹṣin 30 lọ, bí o bá fi aláwo mẹ́ta sí i lẹ́yìn, táyà á kàn máa yí lójú kan ni, ìwọ á sì máa jó dísẹ̀lì lásán. Ìbú òkè ni kí o sì máa túlẹ̀ gbà. Bí o bá túlẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, òjò oṣù karùn-ún á rí ọ̀nà gbà, àgbàrá á sì kó erùpẹ̀ dúdú yẹn lọ sínú odò fún ọ.

O tún sọ pé o rí aláwo àlòkù kan tówó ẹ̀ dínkù. Ó dáa. Ṣé o wọn ìkọ́ ẹ̀? Mo mọ̀ pé o ò wọ̀n ọ́n. Ìkọ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, Harry Ferguson ará Ireland ló gbé e kalẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára Massey Ferguson tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n kàn máa ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata kó máa wọ́ ọ ni. Bó bá fi lè kọ́ òkúta lójijì, iwájú katakata á dìde, á dojú dé, á sì tẹ ẹni tó ń wà á pa. Pẹ̀lú ìkọ́ mẹ́ta yẹn, bí irinṣẹ́ bá ṣe ń fa ilẹ̀ ló ṣe ń tẹ katakata mọ́lẹ̀ sí i. Ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta katakata tó ní in, gbogbo ayé sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọ́ kò rí bákan náà lára gbogbo katakata. Irin tó ń wọ ihò ìsàlẹ̀ lára katakata kékeré kò ju mìlímítà 22 lọ. Ti àwọn ńlá tó mìlímítà 28. Púpọ̀ nínú àlòkù tí ò ń rí káàkiri, ara àwọn ńlá ni wọ́n ti tú u. Bí o bá gbé e délé, kò ní wọlé, o ó wá máa wá wẹ́dà tí yóò jó irin mọ́ ọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ tó ọ lò, mú u dání lọ.

Ohun tó ń kọ ebè gígùn náà, rà á, mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn ebè, omi kì í dá sí i nídìí, ó sì rọrùn láti fà tu. Isu náà ń ṣe dáadáa lórí ebè gígùn bó bá ga dáadáa, àmọ́ èyí tí o bá fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn àna rẹ, wá èèyàn kó fọwọ́ kọ ebè rìbìtì fún un. Kí ìwọ̀n láti orí ebè kan sí èkejì bá ìwọ̀n táyà mu, kí táyà lè máa rìn nínú poro. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí o kọ lówùúrọ̀ lo máa fi táyà tẹ̀ lọ́sàn-án.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Nínú ohun mẹ́sàn-án tí o ní o máa rà, kò sí tírélà. Kò sí i! Mo ka ìwé yẹn lọ, mo kà á bọ̀. Ọmọ ọkùnrin bá ra ẹ̀rọ, ohun tó ń tú ilẹ̀ ló ń rí, nítorí pé ìyẹn ló ń pariwo, ìyẹn ló ń ru eruku, òun làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń wá yà ní fọ́tò. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Bí o bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, ìdí 10,000 ló máa wà nínú hẹ́kítà kan. Ká ní ìdí kọ̀ọ̀kan mú kílò méjì wá, tọ́ọ̀nù ogún ló wà nílẹ̀ yẹn. Agbọ̀n tí obìnrin lè gbé lérí láìjẹ́ pé ọrùn ẹ̀ kán, ká pè é ní kílò 30. Ìrìn tó ju 600 lọ nìyẹn, láti inú oko dé ojú títì, fún hẹ́kítà kan ṣoṣo. Ta ló ń rìn ín? Ṣé ìwọ ni? Ìyá rẹ rìn ín. Èmi náà rìn ín. Ìyàwó wa tí o mú wá láti ìlú ńlá, ṣé òun lo fẹ́ kó máa rìn ín?

Ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró de èèyàn. Bí o bá ti fà á tu, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìlà dúdú aláró á ti máa yọ nínú ẹran ẹ̀, àwọn tó ń ṣe gàrí ò sì ní fún ọ ní iye tó tọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá fi ọkọ̀ kó o lójú títì fi ń yọwó bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé kò síbi tí o fẹ́ gbé e lọ. Ẹni tó bá ní tírélà lè gbé tiẹ̀ lọ sí ibi ìlọgàrí fúnra ẹ̀, ó lè gba owó lọ́wọ́ aládùúgbò láti bá a kó tiẹ̀, ó lè kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó lè kó igi ìdáná, ó lè kó àgbá omi lọ sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè kó búlọ́ọ̀kù fún ẹni tó ń kọ́lé. Ohun ìtúlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn náà ó sùn. Tírélà ò ní ìgbà tó ń sùn.

Àwọn wẹ́dà wa lè ṣe é fún ọ pẹ̀lú irin tó nípọn àti ìdí ọkọ̀ àlòkù. Ṣùgbọ́n gbọ́: kó má tóbi jù. O mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà wa. Ẹrù tó bá wúwo ju katakata lọ á tì í sọ̀kalẹ̀, bíréèkì kékeré yẹn ò sì ní lè dá a dúró. Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n sì so ó mọ́, lára irin ìfà tó rẹlẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ ìkọ́ òkè, nítorí bí katakata bá fẹ́ gun òkè, iwájú ẹ̀ á dìde. Ìyẹn rán mi létí: irin tó rí bí férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn àga ìjókòó, tí o ní ó ń ba ẹwà ẹ̀ jẹ́, wọn ò fi síbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Bí katakata bá yí dànù, òun ni kì í jẹ́ kó tẹ ẹni tó ń wà á mọ́lẹ̀. Ní Sweden, láti 1959 ni òfin ti sọ pé katakata tuntun ò gbọ́dọ̀ jáde láìní in. Ìwọ ń sọ pé o fẹ́ gé e kúrò. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, bàbá rẹ ni màá fi ẹjọ́ rẹ sùn.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ẹ̀rọ ìgéko. Hẹ́kítà márùn-ún lo ní o fẹ́ túlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ta ni yóò ro ó? Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko ń ja ẹ̀gẹ́ lólè jù lọ, katakata tó túlẹ̀ fún ọ kì í sì í bá ọ ṣán koríko ìdí ẹ̀gẹ́. Hẹ́kítà méjì tó ọ lọ́dún yìí, ọmọ mi, bí o bá rí agbára ẹ̀, o lè fi kún un. Ẹ̀rọ ìgéko wúlò fún igbó tó ti sú kí o tó túlẹ̀, fún abẹ́ ọ̀pẹ, fún ààlà oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí iná má bàa wọlé, àwọn olóko káṣú á sì máa háyà ẹ̀. Mú èyí tí fífẹ̀ ẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Bóòtù kan wà lára ọ̀pá ẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kó rọ̀, kó lè já bí abẹ bá kọlu kùkùté, kí jíà má bàa fọ́. Bó bá já, bóòtù irú ẹ̀ ni kí o fi dípò ẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti ki ọ̀pá irin líle bọ ibẹ̀, wọ́n á ní ó ti le, kò ní já mọ́. Òótọ́ ni, kò ní já. Jíà ni yóò fọ́, owó ẹ̀ á sì mú kí o ta ilẹ̀. Ra bóòtù yẹn púpọ̀ pa mọ́.

Èyí tó kù, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń ro ilẹ̀ kúnná dáa fún akùrọ̀, níbi tí o bá ti fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata lẹ́ẹ̀rùn. Lórí yangí, ọ̀bẹ ẹ̀ á jẹ́ kí o sunkún. Ohun tó ń gbẹ́ ihò, àfi bí o bá fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ̀ gan-an. Ṣọ́bìrì ń bẹ nílé. Ọwọ́ iwájú tó ń kó yẹ̀pẹ̀ yẹn wọ́n, ó wúwo, bí o kò bá sì so ẹrù sẹ́yìn, bó bá gbé nǹkan, táyà ẹ̀yìn á kúrò nílẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn adìyẹ tí ìgbẹ́ wọn fi di òkìtì, ká wá sọ ọ́ nígbà náà. Ẹ̀rọ ìgbìn àgbàdo dáa, ṣùgbọ́n kò yá.

Kí o tó sanwó, lọ sí Ìdófìan ní ìpínlẹ̀ Kwárà, níbi iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ ọ̀gbìn, NCAM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Iṣẹ́ wọn ni láti dán irú ẹ̀rọ báyìí wò. Bi wọ́n léèrè. Bí ọ̀nà bá jìn lójú rẹ, Póli wà lójú ọ̀nà Adó sí Ìjan níbí, wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ọ̀gbìn níbẹ̀. Ojoojúmọ́ lò ń wakọ̀ kọjá ẹnu géètì wọn, o ò sì yà rí!

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, èyí ni kí o sì gbọ́ dáadáa. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, tó ń fún ẹ̀rọ ìgéko lágbára, ìgbà 540 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mẹ́sàn-án nìyẹn kí o tó ka ení. Bó bá gbá etí ìró mú, tàbí ìdí gèlè, tàbí ọwọ́ bùbá, kò sẹ́ni tó lè sáré pa á tán kó tó fa odidi èèyàn wọlé. Àwọn obìnrin wa ni yóò máa sún mọ́ ọn lóko, aṣọ wa sì nìyẹn. Ike dúdú tàbí aláwọ̀ yẹ́lò kan ló máa ń bo ọ̀pá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́, mi ò rí i. Pe ẹni yẹn lónìí, kó yà á ní fọ́tò wá, kí n fojú mi rí i. Bó bá ní ó ti sọnù, kó wá òmíràn fi síbẹ̀ kí o tó fún un ní kọ́bọ̀.