Igi tíì tó ti pẹ́ láyé

Tíì tí à ń rà ní ọjà Bantè àti ọjà Savalou, èyí tó wà nínú àpò pépà kékeré, ewé igi ni. Kì í ṣe ewé tíì ẹ̀yìnkùlé wa o. Ìyẹn, koríko ni. Igi tíì gidi, a kì í gbìn ín lọ́dọ̀ wa.

Nínú oko ńlá, wọ́n máa ń gé orí igi tíì kí ó má ga ju àyà èèyàn lọ, kí ọwọ́ lè tó ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè ga ju mítà 10 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ já ewé rẹ̀, á gùn ún ni, bí a ṣe ń gun igi igba.

Irú igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Yunnan, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Òkè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jingmai. Àwọn ẹ̀yà Blang àti Dai ti ń tọ́jú igi tíì nínú igbó ibẹ̀ láti nǹkan bí 1000 ọdún. Wọn ò pa igbó náà run. Wọ́n fi àwọn igi gíga sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe ibòji fún tíì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, UNESCO kọ igbó tíì yìí sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ìwé kan náà tí ààfin àwọn ọba Abomey wà láti 1985.

Àwọn Blang ní ìtàn kan. Wọ́n ní nígbà tí baba ńlá wọn, Pa Aileng, fẹ́ kú, ó ro ogún tí òun máa fi sílẹ̀. Bí ó bá fi màlúù sílẹ̀, àrùn lè pa á. Bí ó bá fi wúrà sílẹ̀, wọ́n á ná an tán. Ló bá fi igi tíì sílẹ̀ fún wọn, kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa já ewé rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìtàn yìí, torí bàbá náà mọ ìṣirò.

Báwo ni ewé tútù ṣe ń di tíì dúdú? Ẹ gbọ́. Wọ́n á já ọ̀mùnú orí ẹ̀ka pẹ̀lú ewé méjì tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí ibòji títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á wá fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ yí i títí omi ara rẹ̀ á fi jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ bá a. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ṣé ẹ mọ bí iṣu tí a bó, tí a ò tètè sè, ṣe máa ń dúdú? Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé yìí ṣe ń yí àwọ̀ padà, tí òórùn rẹ̀ náà ń yí padà. Bí ó bá ti tó, wọ́n á sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n fi ooru iná mú un gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ tíì aláwọ̀ ewé, ewé kan náà ni, àmọ́ wọ́n á tètè yan án nínú agbada kó má baà dúdú. Àwọn ará Ṣáínà kì í tilẹ̀ pe é ní tíì dúdú. Tíì pupa ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọ̀ omi rẹ̀.

Igi ti pẹ́ ní Yunnan, ṣùgbọ́n tíì dúdú ibẹ̀ kò pẹ́. Láàárín 1938 àti 1939, nígbà tí ogun Jàpáànù dé ibi tí Ṣáínà ti ń ṣe tíì tẹ́lẹ̀ ní ìlà-oòrùn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Fengqing láti tà á sókè òkun. Lónìí, ewé igi àgbà wọ́n ju ewé oko ńlá lọ, débi pé àwọn oníjìbìtì ń ta ewé igi kékeré bíi ti igi àgbà.

Àwa náà ní igi àgbà: igi emi àti igi igba. Bí igi emi bá hù lónìí, ó lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè máa so fún ju 100 ọdún lọ. Ní Bantè àti Savalou, à ń gé igi fi sun èédú, à ń gé e láti gbin kajú. Mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de èso emi. Àmọ́ èédú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń tà á.

Iṣẹ́ kíláàsì: Ẹ kọ iye igi emi àti igi igba tó wà lóko yín. Ẹ kọ owó tí òrí àti irú mú wọlé lọ́dún tó kọjá. Ẹ bi ìyá ilé, òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pín owó náà sí iye igi, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 20 fún ogún ọdún. Ẹ fi wé owó èédú tó lè jáde lára igi kan.