Àbúrò Mi, Mọ Ibi Tí Owó Third Party Rẹ Mọ

Àbúrò mi, o kú oríire ọkọ̀ tokunbọ̀ tó o rà. Kó tó di pé o ká gbogbo ìwé ọkọ̀ náà pọ̀ sínú ọ̀rá kan, tó o jù wọ́n sí iwájú ọkọ̀ dìgbà tí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró, yọ ìwé adójútòfò third party jáde nínú wọn. Jókòó tì í. Iye owó kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ bá kọ lu jíìpù ẹlòmíì lo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Third party kì í ṣe owó ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe fún ọkọ̀ tìrẹ. Ẹni tó o bá ṣe ní jàǹbá ló wà fún: ara onítọ̀hún, ọkọ̀ rẹ̀, ògiri ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti gbé owó third party ọkọ̀ aládàáni láti ₦5,000 lọ sí ₦15,000 lọ́dún. Gbogbo ayé ló pariwo nígbà náà. Ohun tí ariwo yẹn ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ni pé iye tí ilé iṣẹ́ adójútòfò máa san lórí dúkìá ẹlòmíì náà gòkè, láti mílíọ̀nù kan náírà sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn ló mọ.

Wò ó báyìí. Ò ń ti Ajah bọ̀, òjò ń rọ̀, o tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yọ̀, ó sì gbá ìdí jíìpù Prado kan. Bọ́ńpà ẹ̀yìn já, iná méjèèjì fọ́, ilẹ̀kùn búùtù wọnú, kámẹ́rà ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ká ní wọ́n ṣírò owó panel beater, ti réwáyà, ti ọ̀dà àti ti ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó wá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Adójútòfò á san mẹ́ta. Méjì tó kù, ọrùn rẹ ló wà, ẹni tó ni jíìpù sì lè torí ẹ̀ gbé ẹ lọ sí kóòtù. Bí jíìpù yẹn bá tún fi iwájú gbá Camry kan kó tó dúró, mílíọ̀nù mẹ́ta kan náà ni àwọn méjèèjì máa pín, torí jàǹbá kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí. Ọkọ̀ tìrẹ tí iwájú ẹ̀ run ńkọ́? Kọ́bọ̀ ò sí fún un.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí obìnrin tó mọ èrè orí àpò ìrẹsì dé kọ́bọ̀, tó wá ń sọ pé "èmi ti ní insurance", tí kò sì mọ iye tí insurance náà gbé. Má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀mí èèyàn yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá fara pa, tàbí tó kú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, third party ilẹ̀ wa kì í sábà fi òpin sí owó tibẹ̀. Ka tìrẹ kó o fojú ara rẹ rí i.

Tún yí ọ̀rọ̀ náà padà wò, torí ìwọ náà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ lù. ₦5,000 ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san, mílíọ̀nù méjì ni tiẹ̀ mọ. ₦3,000 ni ti ọ̀kadà, mílíọ̀nù kan péré. Tírélà tó ń san ₦100,000 pàápàá, mílíọ̀nù márùn-ún ló mọ. Èyí tí kò sì ní ìwé rárá ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹ sọ̀rọ̀ comprehensive, èyí tó ń tún ọkọ̀ tìrẹ náà ṣe. Mo mọ̀ pé ó wọ́n: ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́jọ, ₦400,000 nìyẹn. Bí agbára rẹ kò bá tí ì ká a, béèrè third party tó kó iná àti olè mọ́ra, kó o sì bi wọ́n ní èló ni wọ́n máa gbà kí wọ́n fi gbé mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń ṣe é, àmọ́ wọn kì í sábà dárúkọ ẹ̀ fún ẹni tí kò bá béèrè. Ní tèmi, ìyẹn ni kó o rà kó o tó ra tíńtì àti ìbòrí àga.

Má gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó dúró sẹ́nu géètì ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ sí ìkànnì askniid.org lójú ẹni tó tà á fún ẹ. Bí kò bá jáde, gba owó rẹ padà. Ọlọ́pàá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ọlọ́pàá lọ ni kó o lọ bá adójútòfò lọ́jọ́ ìṣòro, kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ẹ́ rí.

Bí ọkọ rẹ bá sì fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà ṣe Bolt ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ sọ fún wọn. Ìwé ọkọ̀ ilé kì í gba ọkọ̀ akérò.

Èyí tó kàn yìí ló ṣòro jù fún wa, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ọkọ̀ bá kọ lu ọkọ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la máa kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo jẹ̀bi, màá tún un ṣe." Má sọ ọ́. Ó wà nínú àdéhùn third party pé o ò gbọdọ̀ gbà pé o jẹ̀bi, o ò sì gbọdọ̀ ṣèlérí owó láìjẹ́ pé adójútòfò fọwọ́ sí i. Bó o bá ṣe é, wọ́n lè fi kọ̀ láti san. Kí ni kó o wá sọ? "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé ẹ ò fara pa? Ẹ jẹ́ ká pe adójútòfò." Ọ̀wọ̀ wà nínú ìyẹn, gbèsè ò sì sí níbẹ̀. Bá a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran: ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì àti nọ́ńbà wọn kí ẹnikẹ́ni tó sún ọkọ̀ kúrò, gba orúkọ àwọn tó ṣojú wọn, kó o sì lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Pe adójútòfò lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ wa ọkọ̀ náà gba Sèmè lọ sí Kùtọnu fún ìgbéyàwó. Third party Nàìjíríà ò bá ẹ kọjá bodè o. Kó o tó gbéra, ní kí adójútòfò rẹ bá ẹ ṣe ìwé adójútòfò Brown Card ti ECOWAS, kó o sì wo ọjọ́ tó máa parí lára ẹ̀ bóyá ó kọjá ọjọ́ tó o máa padà.