Àgàn Kì Í Ṣe Obìnrin Nìkan: Ohun Tí Andirọ́lọ́jì Ń Kọ́ Dókítà

Ìfáárà

Bí ìyàwó bá wọlé ọkọ, tí oṣù ń gorí oṣù tí kò lóyún, ta ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú lọ sí ọsibítù? Ìyàwó ni. Ilé ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, òun ni ó ń mu àgbo, òun náà ni wọ́n ń pè ní àgàn. Ọkọ rẹ̀ lè má fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò rárá. Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ń wá ọmọ, ìṣòro wà lára ọkùnrin, yálà lára òun nìkan tàbí lára òun àti ìyàwó rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo ẹ̀ka ìṣègùn tí ó dá lórí ìlera ọkùnrin: ohun tí ó jẹ́, bí dókítà ṣe ń kọ́ ọ, àti ìdí tí ó fi kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá.

Kí ni andirọ́lọ́jì?

Inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí "ọkùnrin" ni orúkọ yìí ti wá. Bí gainakọ́lọ́jì ṣe jẹ́ ti obìnrin ni andirọ́lọ́jì jẹ́ ti ọkùnrin. Ó ń wo àtọ̀, họ́mọ̀nù, dídìde nǹkan ọmọkùnrin, ìbàlágà, àti ohun tí ọjọ́ orí ń sọ ara ọkùnrin dà. Kò pẹ́ láyé. Ọdún 1951 ni Harald Siebke lo orúkọ náà ní ìlú Bonn ní Jámánì. Ẹ kíyè sí i pé dókítà àwọn obìnrin ni Siebke fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí dókítà ń gbà dé ibẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ́ sínú iṣẹ́ yìí. Ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo ọdún mẹ́fà ní fásitì, yóò fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù, yóò sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, tí yóò sì máa ṣe ìdánwò National Postgraduate Medical College of Nigeria tàbí ti West African College of Surgeons. Abẹ́ yurọ́lọ́jì, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí ó jẹ mọ́ ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti ẹ̀yà ìbímọ ọkùnrin, ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa ìlera ọkùnrin wà.

Ní Jámánì, lọ́dún 2003, ìpàdé àpapọ̀ àwọn dókítà fọwọ́ sí andirọ́lọ́jì gẹ́gẹ́ bí àfikún oyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú yurọ́lọ́jì, ìtọ́jú awọ ara, tàbí ìtọ́jú àìsàn họ́mọ̀nù. Láti ọdún 1992 ni European Academy of Andrology náà ti wà. Ó ń fọwọ́ sí àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́, ó sì ń ṣe ìdánwò fún àwọn dókítà tí ó bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ gan-an? A ó mú mẹ́rin nínú rẹ̀.

1. Bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀

Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ṣegede ṣe ọkùnrin náà lẹ́yìn tí ó bàlágà, nítorí ṣegede lè wọ kóró ẹpọ̀n kí ó sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá àtọ̀sí ti ṣe é rí tí kò gba ìtọ́jú tó péye, nítorí ojú ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà lè ti dí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó le jù: ṣé nǹkan ọmọkùnrin ń dìde, ṣé ó sì ń dìde fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀? Bí ó bá ń dìde ní òwúrọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í dìde lọ́dọ̀ ìyàwó, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro náà wà lọ́kàn ju kí ó wà lára lọ.

Ẹ fojú inú wo dókítà ọmọ ọgbọ̀n ọdún níwájú bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò lè la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé. Yóò ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ara yín ń jí láàárọ̀?" Bàbá lè dáhùn pé, "Ara mi le, mo dúpẹ́." Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò tíì sí. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ kò ní dúró síbẹ̀. Yóò fi sùúrù yí ìbéèrè náà padà títí yóò fi yé àwọn méjèèjì.

2. Bí a ti ń fọwọ́ yẹ ara wò

Ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá tí a sín sórí okùn kan wà lára irinṣẹ́ wọn. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti mìlílítà 1 dé 25. Andrea Prader, dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gbé e jáde. Dókítà yóò fi ọwọ́ kan di kóró ẹpọ̀n mú, yóò sì máa fi ọwọ́ kejì yẹ ìlẹ̀kẹ̀ wò títí yóò fi rí èyí tí ó bá a dọ́gba. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí méjèèjì bá kéré gan-an tí wọ́n sì le, dókítà yóò ronú nípa àìsàn Klinefelter, níbi tí wọ́n ti bí ọkùnrin pẹ̀lú krómósómù X kan lé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní in kì í mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá ń wá ọmọ.

Wọ́n tún ń kọ́ láti yẹ ọkùnrin wò lórí ìdúró, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ òkè kóró ẹpọ̀n ti wú. Nínú ọkùnrin 100, bí 15 ni ó ní irú iṣan wíwú yìí, apá òsì ni ó sì wọ́pọ̀ sí jù.

3. Bí a ti ń yẹ àtọ̀ wò

Ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ tẹ ìwé ìlànà àyẹ̀wò àtọ̀ jáde. Ẹ̀dà kẹfà jáde lọ́dún 2021. Ọkùnrin yóò yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje kí ó tó gbé àtọ̀ wá. Nínú ẹ̀dà kẹfà, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n jẹ́ mílíọ̀nù 16 sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ nínú mìlílítà kan, kí 42 nínú 100 máa mira, kí 4 nínú 100 sì ní ìrísí tó péye. Èyí kò sọ pé ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ kò lè bímọ, tàbí pé ẹni tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò bímọ dandan.

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ó ń gba sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ bí ọjọ́ 74 láti dàgbà, nítorí náà ibà líle tí ó ṣe ènìyàn lóṣù méjì sẹ́yìn lè hàn nínú àyẹ̀wò tòní. Ìdí kan náà ni a fi ń dúró tó bí oṣù mẹ́ta kí a tó mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

4. Bí họ́mọ̀nù àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Testosterone ni họ́mọ̀nù tí ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wá ń rò pé bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, àtọ̀ yóò pọ̀ sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ọpọlọ bá rí i pé testosterone ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò dẹ́kun àṣẹ tí ó ń rán sí kóró ẹpọ̀n, iṣẹ́ àtọ̀ yóò sì dín kù tàbí kí ó dúró pátápátá. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gún abẹ́rẹ́ kí igẹ̀ wọn lè fẹ̀ fetí sí èyí.

Ní ti dídìde nǹkan ọmọkùnrin, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù ní ọjà wa. Dókítà tí ó kọ́ andirọ́lọ́jì yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tín-ín-rín ju iṣan ọkàn lọ, nítorí náà ó lè tètè dí ṣáájú ti ọkàn. Ẹni tí ó kàn ra sildenafil lójú títì, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1998, lè pa ìkìlọ̀ yẹn mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bí ó bá sì ń lo oògùn àyà tí ó ní nitrate nínú, àpapọ̀ méjèèjì lè pa á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa

Àgàn ni a ń pe obìnrin tí kò bímọ. Akúra tàbí òkóbó ni a ń pe ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídìde ni ìwọ̀nyí ń sọ. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ ń dìde dáadáa ṣùgbọ́n tí kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú àtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kò sí orúkọ fún un lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Nítorí èyí, ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun: "Ṣé èmi kì í ṣe ọkùnrin ni?" Ìyàwó ni yóò máa lọ fún àyẹ̀wò, ọdún yóò sì máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbáyọ lè wà. Láti ọdún 1992, tí àwọn onímọ̀ ní Brussels kéde ọ̀nà ICSI, a lè mú sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kan ṣoṣo, kódà láti inú kóró ẹpọ̀n, kí a fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tì í sínú ẹyin obìnrin.

Ìkádìí

Andirọ́lọ́jì kọ́ wa pé agbára láti bá obìnrin lò pọ̀ yàtọ̀ sí agbára láti bímọ. Dókítà nílò ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ bí a ti ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a wá ọ̀rọ̀ tí bàbá, ọkọ àti ọ̀dọ́kùnrin yóò fi lè sọ ọ́ láìsí ìtìjú. Bí ìyàwó bá ń lọ fún àyẹ̀wò, kí ọkọ náà bá a lọ.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin akúra àti ọkùnrin tí kò ní sẹ́ẹ̀lì nínú àtọ̀?
2. Kí nìdí tí àyẹ̀wò àtọ̀ kan ṣoṣo kò fi tó?
3. Ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ testosterone ṣe ń dín àtọ̀ kù.
4. Dá ọ̀rọ̀ tàbí àpólà kan tí dókítà lè fi bi àgbàlagbà ní ìbéèrè nípa dídìde nǹkan ọmọkùnrin, tí yóò ní ọ̀wọ̀ tí yóò sì yé e yékéyéké.