Àpótí Ìmọ̀: Ibi tí Raphael ti ta Perugino yọ

Ní Ítálì ayé Renaissance, ẹni tó bá fẹ́ di ayàwòrán a kọ́kọ́ máa wo iṣẹ́ àwọn àgbà kọ́ṣẹ́. Raphael, tí wọ́n bí ní 1483, kọ́ ọgbọ́n Perugino, àgbà ayàwòrán kan, débi pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán.

Àmọ́ ẹ wo àwòrán ìgbéyàwó Màríà tí àwọn méjèèjì yà. Nínú ti Perugino, àwọn èèyàn tò gbọọrọ, tẹ́ḿpìlì ẹ̀yìn wọn tóbi débi pé òkè rẹ̀ kò hàn tán. Ní 1504, Raphael ẹni ọdún 21 lo ètò kan náà: àlùfáà láàárín, òrùka lọ́wọ́ Jósẹ́fù, tẹ́ḿpìlì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ìlà àwọn èèyàn náà tẹ̀ bí ọrun, ó sì sún tẹ́ḿpìlì sẹ́yìn títí gbogbo rẹ̀ fi hàn. Ojú wá ráyè rìn jìnnà! Níwájú pátápátá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ Màríà ṣùgbọ́n tí wọn kò yàn lọ́kọ ń fi orúnkún ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ju ọ̀gá lọ. Raphael kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún náà sára tẹ́ḿpìlì yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Brera, ní Milan. Ti Perugino wà ní Caen, nílẹ̀ Faransé.